Pípààrọ̀ Hítà Tó Kọṣẹ́ Nínú Ọkọ̀ Kékeré

Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ tí hítà rẹ̀ kú ní oṣù January ní Leeds tàbí Birmingham yóò sọ fún yín pé òtútù kọ́ ló burú jù níbẹ̀. Èémí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ni yóò bo gíláàsì iwájú, tí awakọ̀ á máa fi àkísà nu ún lọ́wọ́ kan, tí á sì máa fi ọwọ́ kejì di sítíárì mú. Highway Code, ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́ ní ìlànà 229 pé kí awakọ̀ kó yìnyín kúrò lára gbogbo gíláàsì, kí ó sì rí i pé èémí tó bò wọ́n ti kúrò pátápátá kó tó gbéra. Hítà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ka hítà mọ́ bíréèkì àti táyà, mọ́ ohun tí a kì í fi falẹ̀ bí òtútù bá ti ń sún mọ́lé.

Mini àtijọ́ ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n ń ṣe láti 1959 títí di 2000. Gbogbo hítà rẹ̀ wà nínú àpótí kan ṣoṣo lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, láàárín awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í, ẹni tí kì í ṣe mẹkáníìkì sì lè tú u kó sì dá a padà láàárín ọjọ́ kan. Àyẹ̀wò tí màá kọ́kọ́ sọ, àti bí a ṣe ń da omi padà sínú ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn iṣẹ́, wúlò fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré. Títú u ló yàtọ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ òde òní kan, ẹ̀gbẹ́ ibi ìkẹ́sẹ̀ ni ẹ ó ti fa ohun tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ jáde. Nínú àwọn mìíràn, gbogbo dáṣíbọọ̀dù ló gbọ́dọ̀ kúrò kí ẹ tó rí i. Bí ìwé àtúnṣe ọkọ̀ yín, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Haynes ń tẹ̀, bá sọ pé ẹ ní láti tú sítíárì tó ní báàgì afẹ́fẹ́ nínú, tàbí kí ẹ já páìpù gáàsì amúlétutù, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Báàgì yẹn lè bú gbàù mọ́ yín lójú, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì gbà kí ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí fọwọ́ kan gáàsì náà.

Ibi tí ooru ti ń wá

Hítà ọkọ̀ bí èyí kò ní iná tirẹ̀. Ooru ẹ́ńjìnnì ló ń yá. Omi ń yí ká inú ẹ́ńjìnnì, ó ń gbóná níbẹ̀, apá kan rẹ̀ sì ń gba hóòsì kan kọjá lára ògiri irin tó pín ẹ́ńjìnnì níyà sí inú ọkọ̀. Yóò wọ inú rédíétọ̀ kékeré kan tí kò ju ìwé ńlá kan lọ, fáànù yóò fẹ́ atẹ́gùn gba àárín rẹ̀ sí yín lẹ́sẹ̀ àti sára gíláàsì, omi náà yóò sì gba hóòsì kejì padà. Lórí Mini àtijọ́, táàpù kan wà ní etí orí ẹ́ńjìnnì, ní òdìkejì ibi tí rédíétọ̀ ńlá wà. Wáyà tó ti inú ọkọ̀ wá ló ń ṣí i, tó sì ń tì í. Omi tó ń padà bọ̀ á wọ hóòsì ńlá tó wà nísàlẹ̀ rédíétọ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí hítà bá kọṣẹ́, yálà omi gbígbóná kò dé inú rédíétọ̀ kékeré yẹn, tàbí atẹ́gùn kò gba ara rẹ̀ kọjá, tàbí rédíétọ̀ náà ti jò.

Mo ní láti bá àwọn tó ti wa ọkọ̀ nílé sọ̀rọ̀ níbí. Ní Èkó àti Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń yọ tamọsítáàtì dànù bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń gbóná jù, wọ́n á sì fi hóòsì kan so ibi tí omi ti ń wọ hítà mọ́ ibi tó ti ń jáde. Ẹni tí kò nílò hítà kò ní mọ̀ pé ohunkóhun sọnù. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí kò ní tamọsítáàtì kì í gbóná tó nílùú olótùútù, hítà rẹ̀ kò sì lè ju fàà-fàà lọ, ì báà jẹ́ tuntun. Iṣẹ́ tamọsítáàtì ni láti dá omi dúró nínú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná dé ìwọ̀n kan. Èyí tí wọ́n sábà ń fi sí Mini ń ṣí ní ìwọ̀n 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ti ìlú olótùútù sì ń ṣí ní 88. Bí géèjì ooru yín kò bá gòkè lẹ́yìn tí ẹ ti wakọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tamọsítáàtì ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, nọ́ọ̀tì mẹ́ta péré ni ẹ ó sì tú.

Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín wádìí rẹ̀

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní nínú orí ìwé yìí kò ju ọ̀kan lọ: ẹ má ra hítà títí ẹ ó fi fọwọ́ kan hóòsì méjèèjì. Àìmọye ènìyàn ló ti ná owó sórí rédíétọ̀ kékeré tuntun nígbà tó jẹ́ pé táàpù ló dì, tàbí afẹ́fẹ́ ló há sínú omi.

Kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná rárá, ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀ kí ẹ wo omi rẹ̀. Tí omi bá ti lọ sílẹ̀, kò ní dé hítà, nítorí pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti kọ́kọ́ ń kóra jọ. Ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣí ìdérí yìí nígbà tó bá gbóná. Omi inú rẹ̀ lè ti gbóná kọjá bí omi ṣe ń hó lórí iná, ìdérí yẹn nìkan ló sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Yóò tú jáde bo ojú àti àyà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bu omi kún un, tí ẹ sì ti dé e, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fa ọwọ́ hítà sí ibi tó gbóná jù, kí ẹ sì jẹ́ kí géèjì dé ibi tó máa ń dé. Ẹ wá pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ ká apá aṣọ yín sókè, ẹ jìnnà sí fáànù rédíétọ̀, torí pé nínú àwọn ọkọ̀ kan ó lè dédé yí lẹ́yìn tí ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan hóòsì kìíní, kí ẹ sì tún kan èkejì.

Tí méjèèjì bá gbóná bákan náà, omi ń yí ká dáadáa, rédíétọ̀ kékeré yín sì lè máà ní àrùn kankan. Atẹ́gùn ni kí ẹ lọ wò: bóyá fáànù kò yí, bóyá ìlẹ̀kùn kékeré tó ń darí atẹ́gùn ti já, bóyá ewé igi ti kún inú àpótí. Tí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì sì tutù, omi dé ẹnu ọ̀nà ṣùgbọ́n kò rí ibi gbà, ìdọ̀tí ti dí inú rédíétọ̀ kékeré náà. Tí méjèèjì bá tutù, ẹ padà sídìí táàpù. Ẹ ní kí ẹnì kan máa fa ọwọ́ hítà nínú ọkọ̀ kí ẹ̀yin máa wò ó: ṣé apá táàpù náà ń rìn? Táàpù Mini máa ń dì pa, pàápàá tí kò bá sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí orí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tí hóòsì tó jáde lára táàpù sì tutù, táàpù ni. Ẹ ra tuntun pẹ̀lú gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ tú nọ́ọ̀tì méjì, iṣẹ́ ti parí.

Jíjò ní àmì tirẹ̀. Ẹ ó máa gbọ́ òórùn adùn-adùn nínú ọkọ̀, gíláàsì iwájú á máa ní ìkùukùu tó ń yọ̀ bí òróró tí àkísà kò lè nù tán, omi rédíétọ̀ á máa dínkù láìsí pé ẹ rí ìkán kankan nílẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì á sì tutù lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Ṣùgbọ́n òjò máa ń jò wọ Mini, ẹni tó bá ní ọ̀kan mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ bébà ìnuwọ́ funfun mọ́ kápẹ́ẹ̀tì náà. Omi òjò kò ní àwọ̀; kúláǹtì, oògùn tí a ń pò mọ́ omi ẹ́ńjìnnì, á fi àwọ̀ sí i, á yọ̀ lọ́wọ́, á sì rùn. Ẹ má tọ́ ọ wò láéláé. Májèlé ni, ó sì ń pa ajá àti olóńgbò tó bá lá a.

Ọ̀rọ̀ fáànù ṣì kù. Nínú àwọn ọkọ̀ òde òní, fáànù tí kì í yí àyàfi ní ìpele tó le jù máa ń fi hàn pé rẹsísítọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń darí bó ṣe ń yára yí, ló jó. Ẹ ra rẹsísítọ̀ tó bá ọkọ̀ yín mu, ẹ sì má ṣe fi wáyà so ibi tí fíùsì rẹ̀ wà pọ̀ kí fáànù lè yí. Ní 2015, Vauxhall pe ọkọ̀ Zafira B padà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí púpọ̀ nínú wọn gbaná, ilé iṣẹ́ náà sì sọ pé àtúnṣe tí kò tọ́ lára ẹ̀rọ tó ń darí fáànù hítà àti fíùsì rẹ̀ wà lára ohun tó fà á. Ìdílé wà nínú àwọn ọkọ̀ yẹn.

Ẹ fọ̀ ọ́ ná

Rédíétọ̀ kékeré tó dí tí kò sì jò lè ṣì wúlò. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ tú hóòsì méjèèjì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé ọpọ́n sábẹ́, kí ẹ sì fi rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà rọ omi sínú èyí tí omi ti ń jáde tẹ́lẹ̀, kí ìdọ̀tí lè gba ibi tó gbà wọlé jáde. Ẹ má ṣí ẹ̀rọ omi náà tán. Bàbà tó ti gbó, tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó pọ̀, kò lè gba agbára omi púpọ̀. Omi pupa bí omi ẹrẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ẹ máa bá a lọ títí yóò fi mọ́, tí yóò sì máa tú jáde wàà. Tó bá ṣì ń kán tó-tó-tó lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó ti tó pààrọ̀.

Àwọn kan á ní kí ẹ da oògùn adíhò sínú rédíétọ̀ tó ń jò. N kò fara mọ́ ọn. Ihò tóóró inú rédíétọ̀ kékeré ni oògùn náà kọ́kọ́ ń dí, ẹni tó fẹ́ dí ihò kan á wá dí gbogbo hítà pa.

Títú u

Ẹ ní sípánà, sukurúdíráfà pẹlẹbẹ àti ti sítáà, pláyà, ọpọ́n tó gbòòrò, ọ̀rá ńlá, táwẹ̀lì tó pọ̀, àti kílíìpù tuntun fún gbogbo ibi tí ẹ ó tú. Ẹ ra hóòsì tuntun pẹ̀lú, torí pé èyí tó ti bá hítà gbó kì í bá tuntun pẹ́. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ aláfóòmù tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn náà ṣe pàtàkì. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ mú rédíétọ̀ kékeré tuntun sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán ti ọkọ̀ yín nínú ìwé, nítorí pé àpótí Mini kò rí bákan náà láti ọdún dé ọdún, páìpù méjèèjì sì lè dojú kọ ibi tí kò yẹ.

Ẹ já bátìrì. Inú búùtù ló wà. Kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí ẹ tú hóòsì ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ sínú ọpọ́n. Omi tó wà nínú gbogbo rẹ̀ tó bíi lítà mẹ́ta àtààbọ̀, nítorí náà kí ọpọ́n yín gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé e jìnnà sí ẹranko àti ọmọdé, ẹ má sì dà á sí gọ́tà. Ibi ìkódọ̀tí ìjọba ìbílẹ̀ ló ń gbà á.

Omi ṣì kù nínú hítà, ìyẹn ló sì ń ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ẹ tú hóòsì méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ ki ẹnu pọ́ǹpù táyà sínú ọ̀kan, kí ẹ fi àkísà wé e, kí ẹ sì rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Omi á tú jáde láti inú èkejì sínú ọpọ́n. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ kó táwẹ̀lì lé e lórí, kí ẹ tó dé ìdí hóòsì tó wọ hítà. Ẹ tú kílíìpù rẹ̀. Hóòsì tó ti lẹ̀ mọ́ páìpù, ẹ má yí i pẹ̀lú agbára. Páìpù bàbà yẹn rọ̀, yóò ya. Ẹ fi ọ̀bẹ la hóòsì náà ní gígùn, ṣé ẹ ti ra òmíràn tẹ́lẹ̀.

Ẹ fi fóònù ya fọ́tò wáyà fáànù kí ẹ tó yọ wọ́n. Kì í ṣe gbogbo Mini ni àwọ̀ wáyà rẹ̀ dọ́gba, nínú àwọn tó jáde ṣáájú 1969, ẹnu bátìrì tó ní àmì (+) ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ wá fa páìpù nílánlá méjì tó ń gbé atẹ́gùn lọ sára gíláàsì kúrò lára àpótí. Wọn kì í sábà ní súkúrù. Ẹ yọ súkúrù méjì tó di àpótí mú níwájú, lábẹ́ etí pẹpẹ ìkẹ́rù. Lẹ́yìn, nọ́ọ̀tì kan ló dì í mú, inú ààyè tí wọ́n là sára irin ló sì wà: ẹ tú u díẹ̀, ẹ má yọ ọ́ tán. Àpótí náà á gòkè díẹ̀, á sì yọ sí yín lọ́wọ́. Ẹ di ẹnu páìpù méjèèjì pẹ̀lú ìka bí ẹ ṣe ń gbé e jáde, kí ẹ sì máa gbé e ní pẹrẹsẹ, bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀ tó kún.

Lórí tábìlì

Ẹ ṣí àpótí náà. Ewé gbígbẹ, eruku àti òkú kòkòrò ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Ẹ gbọ̀n wọ́n dànù. Ẹ fi ọwọ́ yí fáànù. Kó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kó má sì kan ara àpótí. Ẹ wá fi wáyà méjì so ó mọ́ bátìrì oní 12 fóòlítì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Tó bá ń ké kíkẹ́-kíkẹ́ tàbí tó ń lọ́ra, àsìkò yìí gan-an ló yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ tú àpótí yìí lẹ́ẹ̀kejì nínú òtútù.

Ẹ dán rédíétọ̀ kékeré tuntun wò kó tó wọlé. Ẹ dí ẹnu páìpù kan, ẹ rì í sínú korobá omi, kí ẹ sì rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú èkejì pẹ̀lú pọ́ǹpù. Tí ìfóòfó omi kò bá jáde níbì kankan, ó dára.

Ọ̀rọ̀ fóòmù ló kàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń fò ó. Rédíétọ̀ kékeré kì í kún àpótí rẹ̀ tán. Àlàfo díẹ̀ wà yí i ká. Atẹ́gùn fẹ́ràn ọ̀nà tó rọrùn, yóò sì gba àlàfo yẹn kọjá láìfi ara kan bàbà gbígbóná. Fóòmù àtijọ́ ti di ìyẹ̀fun dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ ha gbogbo rẹ̀ kúrò, ẹ fi tuntun yí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, kí rédíétọ̀ náà há sínú àpótí dáadáa. Hítà Mini kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára látilẹ̀wá, ìyàtọ̀ tí fóòmù yìí ń ṣe sì pọ̀ débi pé mo kà á sí ìdajì iṣẹ́ náà.

Dídá a padà, àti lílé afẹ́fẹ́ jáde

Ẹ kọ́kọ́ ti ẹ̀yìn àpótí wọ ààyè nọ́ọ̀tì, kí ẹ tó gbé iwájú rẹ̀ sókè sídìí súkúrù méjèèjì. Ẹ rí i pé òrùka rọ́bà wà níbi tí hóòsì ti gba ara irin kọjá, kí irin má baà gé e. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi pa ẹnu hóòsì kó lè yọ̀ wọlé. Gíríìsì àti epo ọkọ̀ máa ń jẹ rọ́bà. Ẹ fún kílíìpù le níwọ̀nba. Ẹ so wáyà fáànù, páìpù atẹ́gùn méjèèjì, hóòsì ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ àti bátìrì padà.

Fún Mini, kúláǹtì aláwọ̀ búlúù ti àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ni kí ẹ lò, kí ẹ má sì pò ó mọ́ pupa. Kúláǹtì ìdajì, omi ìdajì, kò ní dì títí òtútù yóò fi kọjá ìwọ̀n 35 sísàlẹ̀ òdo. Omi tí wọ́n ti yọ èròjà inú rẹ̀ ni kí ẹ fi pò ó. Omi ẹ̀rọ London tó ń fi èépá funfun sínú kẹ́tùlù yóò fi irú èépá kan náà sínú rédíétọ̀ tuntun yín.

Afẹ́fẹ́ ló kù báyìí, òun ló sì ń mú kí ẹni tó ṣe gbogbo èyí dáadáa rò pé hítà tuntun ti bàjẹ́. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tó dagẹ̀rẹ̀, kí imú rẹ̀ ga, kí ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ sì fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn. Ẹ ṣí hítà tán. Ẹ rọra da omi sínú rédíétọ̀ títí yóò fi kún, ẹ fi ọwọ́ fún hóòsì ìsàlẹ̀ pọ̀ kí afẹ́fẹ́ gòkè wá, kí ẹ sì tún kún un. Ẹ wá yọ hóòsì hítà tó wà lára táàpù, ẹ fi àrọ sí i lẹ́nu, kí ẹ sì máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kún dé ẹnu. Ẹ tètè dá a padà kí ẹ sì dè é.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti tan ẹ́ńjìnnì, ẹ má ṣe é nínú gáréèjì tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa ìdílé tí èéfín jẹnẹrétọ̀ pa sójú oorun nílé. Èéfín ọkọ̀ nínú ilé tí a tì kò yàtọ̀ sí i. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ìdérí rédíétọ̀ ní ṣíṣí, kí ẹ máa wo omi. Yóò máa yọ ìfóòfó, yóò máa lọ sílẹ̀, ẹ ó sì máa fi kún un. Tí hóòsì òkè rédíétọ̀ bá dédé gbóná, tamọsítáàtì ti ṣí nìyẹn. Ẹ bu èyí tó kù kún un, ẹ dé e, kí ẹ sì tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan hóòsì hítà méjèèjì. Ó yẹ kí wọ́n gbóná bákan náà. Tí ọ̀kan bá ṣì tutù, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí ẹ sì tún da omi gba ẹnu hóòsì lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ wo omi rédíétọ̀, ẹ sì fún kílíìpù gbogbo díẹ̀ sí i, torí pé rọ́bà tuntun máa ń súnkì lẹ́yìn ooru àkọ́kọ́. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì kúrò pátápátá tí hítà àtijọ́ bá ti jò sí i. Òkè rẹ̀ lè gbẹ nígbà tí fóòmù abẹ́ rẹ̀ ṣì ń mumi, irin ìsàlẹ̀ Mini kò sì nípọn. Á dípẹtà, á sì lu. Ẹ fi omi fọ irin náà kí ìyókù kúláǹtì kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ kun ibi tó bá ti pọ́n, kí ẹ tó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì padà.